Káńsù Ló Gba Iṣẹ́ Ìlera, Owó Kò Bá A Dé

Tí kò bá sí oògùn ibà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò, ta ló yẹ ká bi? Ṣé alága káńsù ni, àbí gómìnà, àbí Àbújá? Ní Nàìjíríà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè na ìka sí ẹnìkejì, kò sì ní jẹ́ pé irọ́ pátápátá ló pa.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó ní ìtòsí aráàlú ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀: àjẹsára, ìtọ́jú aláboyún, omi oníyọ̀-àti-ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Mi ò tíì rí ẹni tó tako èrò náà. Owó ni wàhálà. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún káńsù nípìn-ín nínú iṣẹ́ ìlera, àmọ́ inú àpò àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni òfin kan náà da owó wọn sí, níbi tí ọwọ́ gómìnà ti tó o. Wọ́n gbẹ́rù lé káńsù lórí, wọn ò fún un ní òṣùká. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Ṣáájú ìgbà náà ni òfin ìlera ti 2014 ti wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ wà fún adójútòfò ìlera, káwọn tálákà náà lè rí ìtọ́jú gbà. Ìdá 45 nínú 100 jẹ́ ti oògùn, àtúnṣe àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Inú àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni owó yìí ń wọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń darí ibẹ̀ àti ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù á jọ pinnu bóyá òrùlé tó ń jò ló kàn ni, tàbí oògùn. Lójú tèmi, ibí gan-an ni agbára ti dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Ó kàn jẹ́ pé inú ètò ìṣúná 2018 ni owó ọ̀hún ti kọ́kọ́ yọjú, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí òfin.

Nǹkan kan tún fara pamọ́ sínú òfin náà tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ tàbí káńsù tó lè jẹ nínú owó yẹn, ó gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 iye tí iṣẹ́ náà yóò ná wọn sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń rówó orí gbà, lè san án láìmikàn. Ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé owó tí Àbújá ń pín ló fi ń sanwó oṣù ńkọ́? Ẹni tí owó tọ́ sí jù ló máa kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀.

Àwọn ará Brazil gbé tiwọn gba ibòmíràn. Ní 1998, iye èèyàn tó ń gbé ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wò láti fi owó ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ránṣẹ́, yálà ìlú náà lówó tàbí kò lówó. Òótọ́ ni pé àtúnṣe òfin 2000 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìlú náà láti mú nǹkan wá, àmọ́ ìdá 15 nínú 100 owó tiwọn ni. Ìlú tó bá rí díẹ̀ yóò mú díẹ̀ wá. Ti Nàìjíríà kò wo àpò ẹnikẹ́ni, iye tí iṣẹ́ yóò ná wọn nìkan ló ń wò. Abala kọkànlá òfin 2014 ni gbólóhùn ìdá 25 yẹn wà, ọwọ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà.