Pòròpórò àlìkámà: ta ló ni ín lẹ́yìn ìkórè?

Bí Iléyá bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, àgbò nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà létí títì ní Kàdúná. Ẹ̀gbẹ́ ẹran náà ni ìdì ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ máa ń wà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní harawa. Ẹni tó ra àgbò lónìí, tí kò sì ní pa á títí di ọjọ́ ọdún, yóò ra oúnjẹ mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn ìkórè ti di ọjà tí wọ́n ń ná lówó.

Ọ̀kan nínú irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ni pòròpórò àlìkámà. Ní òkè òkun, wọ́n ń fi í ṣe iná mànàmáná, bébà àti pátákó. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ àwọn tó ń lò ó báyìí.

Níbo ló ti ń wá?

Àlìkámà fẹ́ òtútù. Ní Nàìjíríà, inú ọyẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, omi tí wọ́n ń fà sóko ló sì ń mu títí wọ́n á fi kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Ẹni tó bá ti Kàdúná gba Sàríà lọ sí Kánò yóò kọjá lágbègbè Kadawa àti Kura, níbi tí omi ìsédò Tiga, tí wọ́n parí ní 1974, ti ń bọ́ oko. Wọ́n ń gbìn ín ní Jígáwá, Kébbí, Sókótó àti Bọ̀nọ́ náà.

Ní 1987, ìjọba ológun Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé kí àgbẹ̀ ilé lè gbòòrò. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1992. Lónìí, ó lé ní 90 nínú 100 àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò tó ń ti òkè òkun wá. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e wá kì í sì í gbé pòròpórò rẹ̀ dání. Kílò kan ọkà máa ń fi nǹkan bíi kílò kan pòròpórò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ lóko. Oko òkè òkun ni ìyẹn ń ṣẹ́ kù sí.

Ṣé ẹran lè jẹ ẹ́?

Ó lè jẹ ẹ́, àmọ́ kì í ṣe é lóore bí ewé ẹ̀pà. Okun líle ló pọ̀ jù nínú pòròpórò àlìkámà. Purotéènì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3 sí 4 nínú 100. Àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìn-tín tó wà nínú àpòlúkù màlúù àti àgbò lè da okun náà, ṣùgbọ́n èròjà kan tó ń jẹ́ lignin lẹ̀ mọ́ ọn bí símẹ́ǹtì, kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wọlé.

Ọ̀nà kan wà láti tú u. Wọn á po nǹkan bíi kílò mẹ́rin ajílẹ̀ yúríà mọ́ omi, wọn á wọ́n ọn sórí 100 kílò pòròpórò gígé, wọn á sì fi ọ̀rá bò ó pinpin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yúríà yóò di amóníà, amóníà yóò tú ìdè lignin, yóò sì fi náítírójìn kún oúnjẹ náà. Kí wọ́n tó gbé e fún ẹran, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ fẹ́ lọ. Bí yúríà bá pọ̀ jù, májèlé ni, kò sì yẹ fún ọmọ màlúù kékeré rárá.

Kí ni ilẹ̀ ń rí gbà?

Pòròpórò tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ibẹ̀ gbẹ kíákíá. Bí ó bá jẹrà, ó ń dá pòtásíọ́ọ̀mù tó gbà padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ro ó mọ́ ilẹ̀ ní tútù, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ yóò kọ́kọ́ yá náítírójìn inú ilẹ̀ lò, ewé irúgbìn tuntun yóò sì pọ́n. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fún un ní àkókò tàbí kó fi ìgbẹ́ ẹran kún un.

Láyé àtijọ́, màlúù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìkórè, Fúlàní darandaran á da ẹran wọ oko, ẹran á jẹ pòròpórò, á sì yàgbẹ́ sílẹ̀ fún olóko. Oníkálukú ń jèrè. Nígbà tí pòròpórò di ohun títà, olóko bẹ̀rẹ̀ sí í kó o relé, darandaran sì ń bá ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí wà lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Láti ara ògiri dé inú mọ́tò

Ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn mọlémọlé Hausa ti ń po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀ tipẹ́ láti mọ tubali, bíríkì olórí ṣóńṣó tí wọ́n fi ń mọ ògiri. Koríko náà kì í jẹ́ kí amọ̀ sán bó bá ń gbẹ. Ẹni tó bá ka ìwé Ẹ́kísódù mọ ìyà tó jẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nígbà tí Fáráò kò fún wọn ní koríko tí wọn yóò fi ṣe bíríkì mọ́.

Ní 1800, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matthias Koops tẹ ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù sórí bébà tí wọ́n fi pòròpórò ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ní Ely ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáná sun nǹkan bíi 200,000 tọ́ọ̀nù pòròpórò lọ́dún láti pèsè iná mànàmáná. Ford náà po pòròpórò àlìkámà mọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ṣe àpótí ìkẹ́rù inú ọkọ̀ Flex ti 2010. Ohun tó yẹ kí Kàdúná gbọ́ nìyẹn, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní 1975.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yọrí sí rere. Ní Podari, ní Romania, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clariant kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń sọ pòròpórò di epo ọkọ̀. Kí 2023 tó parí, wọ́n kéde pé àwọn ń tì í pa. Pòròpórò fúyẹ́, ó sì gbàyè: ọkọ̀ tó kún fún un, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, owó epo sì lè jẹ èrè tán kó tó dé ilé iṣẹ́.

Èwo ló bá wa mu?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de sísun pòròpórò lóko ní 1993. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ní èyí tó pọ̀ ju ohun tó lè lò lọ, ilé iṣẹ́ sì bá a gba ẹrù lọ́rùn. Ní àríwá Nàìjíríà, ẹran, ilẹ̀, ìdáná àti ọgbà ilé ti ń du ìwọ̀nba tó wà. Ohun tó bá irú ibi bẹ́ẹ̀ mu ni iṣẹ́ tí kì í gba gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Olú jíjẹ jẹ́ àpẹẹrẹ: wọ́n lè gbìn ín sórí pòròpórò tí wọ́n ti fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ká olú tán, ìyókù á padà sóko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ pòròpórò ní agbègbè Kàdúná, kó kọ́kọ́ dúró létí títì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìdì harawa kan. Àgbò tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá a du ọjà náà.