Kí Ọkọ̀ Tó Gòkè: Ìgbádùn Ojú Omi Ní Ìparí Ìgbà Ìwọ́wé

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, omi ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Chesapeake. Ó gùn tó nǹkan bí 320 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù. Níbẹ̀ ni omi odò àti omi òkun ti ń pàdé, bí ó ti rí ní ọ̀sà Èkó. Etí omi yìí ni ìlú Annapolis wà, àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ onígbòkun sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti lè rò lọ.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ìgbà tí ó dára jù láti wọ ọkọ̀ onígbòkun, wọn yóò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ omi náà dáadáa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn yóò sọ fún yín pé oṣù October àti November, nígbà tí ewé igi ń wọ́, tí òtútù sì ń kan ilẹ̀kùn, ni adùn wà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó pe gbogbo wa sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, kí ó tó gbé e gòkè fún ìgbà òtútù. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n.

Kí Ni Ó Mú Kí Ó Dùn?

Ní oṣù July àti August, oòrùn Maryland máa ń mú gan-an. Lọ́pọ̀ ọjọ́, atẹ́gùn kì í tó nǹkan. Ọkọ̀ á kàn dúró sójú kan, ìgbòkun á rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Bí ó bá di ọ̀sán, àrá lè sán lójijì kí ìjì sì dé. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀dá omi kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí ó ń jóni lára bí èsìsì. Ẹni tí ó bá bọ́ sómi láti lúwẹ̀ẹ́ yóò tètè jáde.

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, afẹ́fẹ́ tútù a máa fẹ́ wá láti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀nà Kánádà. Ó máa ń lágbára, ó sì máa ń dúró déédéé. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, a ó sì rí ọ̀nà jíjìn. Àwọn igi etí omi á di pupa, wọn á di òféèfèé bí iná. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ọlọ́rùn gígùn á máa fò bọ̀ láti Kánádà ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, ariwo wọn á gba ojú sánmọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á ti kúrò lójú omi, ibi tí ó kún bí ọjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á wá dá páropáro. Omi kì í sì í tètè tutù bí ilẹ̀ ti ń tutù, nítorí náà ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ní oṣù November máa ń tuni lára.

Ọjọ́ Sátidé Tí A Jáde

Ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní àárín oṣù November. Ọkọ̀ bàbá yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń pè é ní Bàbá Ọlọ́kọ̀ kí a tó dé etí omi. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀, ó pín ẹ̀wù amúniléfòó fún wa, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọmọkùnrin wa ní ó fún òun lọ́rùn. Bàbá dá a lóhùn pé, “Nínú ọkọ̀ yìí, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, etí èbúté ni yóò ti dúró dè wá.” Ọmọ náà wọ̀ ọ́ kíákíá.

Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a gbéra. Nígbà tí a jáde sí gbangba omi, bàbá ta ìgbòkun, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo tí a ń gbọ́ ni bí omi ti ń kọjá lára ọkọ̀. A kọjú sí gúúsù, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa, ó rọra ń tì wá lọ. Oòrùn ń ràn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ṣí fìlà wọn, èmi náà sì tú ìborùn mi. Bàbá fún ọmọkùnrin wa ní ìtọ́kọ̀ mú, mo sì rí ayọ̀ lójú rẹ̀ tí n kò rí rí. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí súfèé.

Ibi tí a ń lọ ni ilé ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Thomas Point Shoal. Ní ọdún 1875 ni wọ́n kọ́ ọ. Láàárín omi ni ó dúró sí, lórí àwọn òpó irin tí wọ́n yí wọ ìsàlẹ̀ omi bí ìdè onírin. Ilé onípákó funfun tí ó ní igun mẹ́fà ni, òrùlé rẹ̀ pupa. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé ilé rẹ̀ gun igi àgéré láàárín omi. Àwọn ènìyàn ti gbé inú rẹ̀ rí láti máa tọ́jú iná rẹ̀, títí di ọdún 1986 tí iná náà fi di èyí tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. A ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé a ó yí ilé náà po, a ó sì ya fọ́tò.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo kan lù, a ti ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “A ó yí padà níhìn-ín.”

Ojú ọmọkùnrin wa fà ro. Ọkọ mi pàápàá bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ku díẹ̀ péré. Ẹ jẹ́ kí a dé ibẹ̀.” Bàbá kò bínú. Ó ní kí a wo ẹ̀yìn. Nígbà náà ni a rí i pé orí ìgbì omi ti ń funfun lẹ́yìn wa, afẹ́fẹ́ ti ń le sí i. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í mọ agbára afẹ́fẹ́ náà, nítorí òun àti afẹ́fẹ́ jọ ń lọ ni. Bí ó bá kọjú sílé ni yóò tó mọ̀. Ọkọ̀ onígbòkun kò sì lè lọ tààrà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Yóò máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì ni. Bí máìlì márùn-ún bá wà láti dé ilé, nǹkan bí máìlì méje ni yóò rìn. Ó ní, “Lójú omi, àbọ̀ ni mo fi ń wọn àlọ.”

Bí ọkọ̀ ti yí padà, ayé yí padà. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wa jẹ́jẹ́ gbá wa lójú. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Omi tútù ń ta sí wa lára. Bàbá ní kí ọkọ mi ran òun lọ́wọ́ láti ká apá kan nínú ìgbòkun kí ọkọ̀ má bàa fara gbá afẹ́fẹ́ jù, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti já ìborùn mi gbà, ó bọ́ sómi. Ọmọbìnrin wa nà láti mú un. Kí n tó lanu, bàbá ti di ẹ̀wù amúniléfòó rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á jókòó. Ó ní, “Ìborùn wà lọ́jà, ọmọ mi.” Ọkàn mi kò tètè balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni a fi lọ. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí a tó dé. Agogo mẹ́rin kọjá nígbà tí a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ní àsìkò yẹn nínú ọdún, oòrùn Annapolis ti máa ń wọ̀ kí agogo márùn-ún tó lù. Bí a bá ti dé ilé ìmọ́lẹ̀ náà ni, òkùnkùn ìbá bá wa lójú omi pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré. Àwọn baba wa ní, kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Ohun Tí Omi Tútù Ń Ṣe

Lẹ́yìn náà ni bàbá ṣàlàyé ìdí tí ó fi ṣe kíákíá nípa ọmọ wa. Ní ìparí oṣù November, omi Chesapeake sábà máa ń tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn tí ń ràn lókè lè tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti omi.

Àwọn tí ń kọ́ni nípa ààbò lójú omi tútù máa ń lo nọ́ńbà mẹ́ta: 1, 10, 1. Ní ìṣẹ́jú 1 àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá ṣubú sómi tí ó tutù gan-an yóò máa mí gúlegúle láìfẹ́. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni yóò fà símú. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní lè di okùn mú mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ó lè tó wákàtí 1 kí òtútù tó mú un dákú. Ìdí nìyí tí a fi ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí a tó kúrò ní èbúté, nítorí kò sí àyè láti wá a nígbà tí a bá ti ṣubú.

Gbígbé Ọkọ̀ Gòkè

Ní ọjọ́ Sátidé kejì, a padà lọ bá bàbá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ gíga onítáyà mẹ́rin kan wá dúró lókè ọkọ̀ náà. Ó fi bẹ́líìtì fífẹ̀ méjì gbá a lábẹ́, ó sì gbé e jáde kúrò nínú omi. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ rí ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀: irin wíwúwo tí ó dà bí lẹ́bẹ́ ẹja ńlá, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé. Àwọn ìkarahun kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Wọ́n fi omi alágbára fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e ka àwọn òpó irin lórí ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ni láti mú omi kúrò nínú ọkọ̀. Bí omi bá dì, ó máa ń wú sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí irin ẹ́ńjìnnì tàbí páìpù tí kò lè fọ́. Bàbá jẹ́wọ́ fún wa pé ní ọdún kan, òun gbàgbé omi sínú páìpù kékeré kan ṣoṣo. Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, owó ńlá ni òun fi tún ọkọ̀ ṣe. Nítorí náà, ó fa omi aláwọ̀ píǹkì kan tí kì í tètè dì gba inú ẹ́ńjìnnì àti gbogbo páìpù. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ́ìlì tí a ti lò ní ìdọ̀tí tí ń jẹ irin bí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Ó gba iná kún bátìrì, nítorí bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀ lè dì kí ó sì fọ́.

Èmi àti ọmọbìnrin mi fi omi tí kò níyọ̀ fọ ìgbòkun, a sá a, ó gbẹ, a ká a. A kó tìmùtìmù, aṣọ àti oúnjẹ jáde. Níkẹyìn, a fi tapólì bo ọkọ̀, a sì fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí inú rẹ̀ má bàa hu èéhù.

Ọgbọ́n Àtijọ́ Ni

Kì í ṣe òní ni àwọn atukọ̀ ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ti ojú omi. Vegetius, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ 11 oṣù November títí di ọjọ́ 10 oṣù March ni òkun ń wà ní títì. Ó ní láti àárín oṣù September ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń ka Bíbélì mọ ìtàn ọkọ̀ tí ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ààwẹ̀ ti kọjá, èyí tí ó máa ń bọ́ sí September tàbí October. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé ìrìn-àjò náà léwu, ṣùgbọ́n balógun ọ̀rún gba ti ọ̀gá ọkọ̀ àti ti ẹni tí ó ni ín. Afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì tú ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ìjì dé. Àwọn ènìyàn 276 tí ó wà nínú rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti ẹrù ṣòfò.

Nígbà tí a ń wakọ̀ padà sílé ní ọjọ́ Sátidé kejì yẹn, mo bi ọmọkùnrin wa bóyá ó ṣì ń dùn ún pé a kò dé ilé ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ní, “Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ní kí a padà wá ní oṣù May. Ó ní òwúrọ̀ kùtù la ó jáde.”

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú, tí ọ̀rẹ́ kan sì pè yín sójú omi kí ìgbà òtútù tó dé, ẹ lọ. Ẹ wọ aṣọ nípọn, ẹ ríi dájú pé ẹ̀wù amúniléfòó wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè agogo tí ẹ ó yí padà kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Bí òde ti wù kó dùn tó, ilé làbọ̀ sinmi oko.