Wọ́n ní kò sówó, ni wọ́n bá ti ọgbà ìgbafẹ́ wa pa

Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wa n'Íbàdàn. Àgádágodo la bá lẹ́nu géètì. Ọlọ́dẹ ní káńsù sọ pé kò sówó tí wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká dákẹ́ o. Ibi tí wọ́n bá tì pa lónìí, tó bá dọ̀la, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tọdún 1978 sọ pé gbogbo wa ni gómìnà ń bá tọ́jú ilẹ̀. Abala 17 ìwé òfin 1999 náà ní kí ìjọba rí i pé ibi ìgbafẹ́ tó fáráàlú. Lóòótọ́, abala 6 kò jẹ́ ká lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Àmọ́ òfin FOI tọdún 2011 wà ńlẹ̀: ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọgbà náà àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Mo ti kọ tèmi. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín. Ọmọ tí ò ríbi ṣeré, títì ló máa bọ́ sí.