Àwọn nọ́ńbà tó ń ṣini lọ́nà lára ìbọn Luger

Ní 1908 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì gba ìbọn ìléwọ́ Luger P08 fún lílò. Ilé iṣẹ́ DWM àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Erfurt ló ń rọ ọ́ títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi parí. Láti 1910 ni wọ́n ti ń tẹ ọdún tí wọ́n rọ ìbọn sí òkè ibi tí ọta ń wà kí wọ́n tó yìn ín. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà níwájú, lábẹ́ ọ̀pá ìbọn.

Nọ́ńbà yìí nìkan kò tó dá ìbọn mọ̀. Bí ọdún tuntun bá ti dé, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Bí ó bá kà dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, á padà sí 1, á sì fi lẹ́tà a tì í. Lẹ́yìn náà ló kan b, ó kan c. Ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3417 pọ̀ nílẹ̀, àfi kí ènìyàn mọ ilé iṣẹ́, ọdún àti lẹ́tà kó tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń tẹ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn sí àwọn ẹ̀yà kéékèèké, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mu, ti ìbọn kan kì í sì í sábà bá òmíràn lára mu dáadáa. 17 tó wà lára ẹ̀yà ìbọn 3417 kì í ṣe 1917 rárá.

Lẹ́yìn ogun, àdéhùn Versailles fi àwọn ọmọ ogun Jámánì mọ sí 100,000. Ìbọn tí ìjọba fi pamọ́ gba òǹtẹ̀ 1920, kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ti bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Ìdí nìyí tí 1920 fi máa ń jókòó lórí 1917.

Ilé iṣẹ́ Mauser gba iṣẹ́ rírọ ìbọn náà ní 1930. Láti 1934, wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ pamọ́: S/42 ni wọ́n ń tẹ̀ sí irin ẹ̀yìn tó ń ká bí orúnkún. Wọ́n fi ọdún pamọ́ pẹ̀lú: K dúró fún 1934, G fún 1935; lẹ́yìn náà wọ́n padà sí títẹ ọdún gan-an. Ní 1939 wọ́n yọ S kúrò, ó ku 42, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní 1942. Ní 1941 byf rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gé ọdún kù sí nọ́ńbà méjì. Nítorí náà, 42 tó wà lẹ́yìn jẹ́ àmì Mauser. 42 tó wà lókè ibi tí ọta ń wà ni ọdún 1942.

Òǹtẹ̀ àwọn olùyẹ̀wò ń ranni lọ́wọ́ púpọ̀. Adé ni ti ìgbà ọba Kaiser, ẹyẹ idì ló rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ̀yà kan lára ìbọn 1937 bá ní adé, ara ìbọn mìíràn tó ti pẹ́ jù ú lọ ni wọ́n ti yọ ọ́.