Ìṣákọ́lẹ̀: Ǹjẹ́ Òfin Ọdún 1978 Fòpin sí I?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó lè máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ti ń béèrè pé: Bí ilẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ gómìnà, kí ni a tún ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí onílẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́. Kò jọ owó ilé, tí ọjọ́ rẹ̀ ń pé tí onílé á sì ní kí ayálégbé kó jáde. Láyé àtijọ́, iṣu díẹ̀ tàbí irè oko mìíràn ni àgbẹ̀ ń gbé lọ fún onílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ohun tí ó ń fi ìyẹn sọ ni pé, “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ yìí.” Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì ṣẹ̀ sí àdéhùn, oko náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa dá a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kòkó ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Igi kòkó ń so fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ohun tí ó jẹ́ àmì ìbọ̀wọ̀ fúnni wá di ohun tí a ń fi ojú owó wò. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó dá kún ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, tí ó gba ẹ̀mí púpọ̀ ní ọdún 1981, àti láàárín 1997 sí 2000.

Kí wá ni ìdáhùn? Òfin náà sọ pé ẹni tí ó ti ń lo ilẹ̀ oko tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó lọ. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ni òfin ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òfin kò tú àjọṣe onílẹ̀ àti àgbẹ̀ ká. Onílẹ̀ kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì di olówó orí ilẹ̀.

Síbẹ̀, kí onílẹ̀ má ṣe rò pé òun lè lé àgbẹ̀ bí ó ti wù ú. Àgbẹ̀ tí ó bá sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀, tàbí tí ó tà á láìgba àṣẹ, ló lè pàdánù rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè ṣíjú àánú wo ẹlẹ́ṣẹ̀.

Bí ìjọba bá gba oko náà láti fi la títì ńkọ́? Orí ohun tí ènìyàn gbìn àti ohun tí ó kọ́ ni òfin gbé owó gbà-má-bínú kà. Ní ti ilẹ̀ lásán, kìkì owó ilẹ̀ tí a san lọ́dún náà ni òfin ní kí a dá padà. Ní tèmi, ibí yìí ni òfin ti le jù fún onílẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù fún ẹ̀yin tí ẹ fi owó yín ra ilẹ̀ pátápátá. Ẹ má ṣe san ohunkóhun tí a bá pè ní ìṣákọ́lẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó, nítorí pé níwájú adájọ́, ẹ̀rí ni sísan án jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ni ilẹ̀ náà.