Nígbà Tí Makirofóònù Bá Di Ejò Lọ́wọ́ Akọrin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wà ní ìsọjí ìta gbangba. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, koríko ṣì tutù. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. Bí arábìnrin tí ó fẹ́ kọrin ti gbé ẹnu sún mọ́ makirofóònù, ó pariwo, ó sì jù ú sílẹ̀. Iná ti ta á ní ètè. Kíá ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ìdè, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Èmi náà ń ṣe àmín. Baba àgbàlagbà kan tí ó ti fi iṣẹ́ mànàmáná jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sọ fún wa pé, “Ẹ kọ́kọ́ pa jẹnẹrétọ̀ ná, kí ẹ tó máa bá àdúrà yín lọ.” Ó fa wáyà wa yọ, ó tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, ó sì bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ni ó gé ẹ́ẹ̀tì kúrò nínú èyí?”

Mo dákẹ́. Èmi ni mo gé e. Ẹ̀rọ ń kùn, ẹnì kan sì ti sọ fún mi pé bí mo bá gé e, kíkùn náà yóò dáwọ́ dúró. Lóòótọ́ ni ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí orin arábìnrin wa dáwọ́ dúró pẹ̀lú.

Ó ti pa àwọn mìíràn

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, di gìtá rẹ̀ mú, ó sì fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní ẹ́ẹ̀tì. Orí ìtàgé níbẹ̀ ni iná ti gbé e, lójú àwọn tí ó wá wò ó. Ẹni ọdún 27 ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn eléré ayé nìkan ni èyí ń bá, kí ó gbọ́ ti Kyle Lake, pásítọ̀ University Baptist Church ní ìlú Waco, ní Texas, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ó dúró nínú omi ìrìbọmi, ó na ọwọ́ mú makirofóònù, iná sì gbé e níwájú ìjọ rẹ̀. Ẹni ọdún 33 ni, ó ní ìyàwó, ó sì ní àwọn ọmọ kéékèèké. Ará mi, iná mànàmáná kò mọ pásítọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni à ń lò ní Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ kan ń gbé iná wọlé, èkejì ń dá a padà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ni ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà kan bá bó nínú amplifáyà, tí ó sì kan irin ara rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé iná náà sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, fíúsì yóò sì já. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gé ẹ́ẹ̀tì, iná náà yóò jókòó sára irin, yóò máa dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Okùn irin gìtá bá amplifáyà tan, makirofóònù bá ẹ̀rọ mìíràn tan. Onígìtá tí ó mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ti di afárá fún iná. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ tútù, ewu náà pọ̀ sí i.

Àwọn kan ń sọ pé fíúsì wà níbẹ̀, kò séwu. Rárá o. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe ènìyàn. Iná tí kò ju mílíáńpù 10 lọ lè mú kí ọwọ́ ènìyàn lẹ̀ mọ́ ohun tí ó dì mú. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 nìkan ń fa mílíáńpù bí i 260, èyí sì tó láti da ọkàn ènìyàn rú. Fíúsì 13 yóò jẹ́ kí mílíáńpù 13,000 kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń lo bréékà kan tí à ń pè ní RCD. Bí ó bá ti rí i pé mílíáńpù 30 ti yà kúrò lójú ọ̀nà, yóò pa iná kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ máa ṣe

1. Ẹ má ṣe gé ẹ́ẹ̀tì láé. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn, ẹ gbìyànjú láti fa iná gbogbo ẹ̀rọ orin láti ojú kan náà. Ẹ má ṣe so kíbọ́ọ̀dù mọ́ iná ìjọba, kí ẹ sì so amplifáyà mọ́ jẹnẹrétọ̀.

2. Ẹ lo RCD, pàápàá níta gbangba. Kí makirofóònù oníwáyà má ṣe dé etí omi ìrìbọmi rárá.

3. Ẹ ka iye iná tí ẹ ń fà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 kò lè gbé ju wáàtì 3,000 lọ. Iná ìtàgé oníwáàtì 1,000 mẹ́ta ti gbà á tán.

4. Ẹ tú wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ tán kí ẹ tó lò ó. Bí ó bá wà ní kíká, yóò gbóná, ó sì lè gbiná.

5. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kí èéfín rẹ̀ má baà pa ènìyàn. Ẹ má ṣe rọ epo sí i nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni

Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń fi ọ̀dọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ, kìkì nítorí pé ó ní ìtara. Ìtara dára, ṣùgbọ́n ìtara kì í dá iná dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará wa ti ń gba gbọ̀ngàn fún ìsìn, òfin ọdún 1989 lórí iná mànàmáná sọ pé ẹni tí kò ní ìmọ̀ tí yóò fi yẹra fún ewu kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, àfi bí onímọ̀ bá ń mójú tó o. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ wà, NABTEB sì ti ń ṣètò ìdánwò fún wọn láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1992. Bí ìjọ bá lè ra ẹ̀rọ olówó iyebíye, ó yẹ kí ó lè rán ọ̀dọ́ kan lọ kọ́ bí a ti ń lò ó.

Bí iná bá gbé ènìyàn

Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná. Bí ẹ kò bá rí ibi tí a ti ń pa á, ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu. Bí ó tilẹ̀ dìde tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú Deuteronomi 22:8, Ọlọ́run sọ fún ẹni tí ó ń kọ́ ilé titun pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wá sórí ilé rẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì ni ìgbátí tiwa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsọjí yẹn, mo lọ bá arábìnrin náà nílé, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, mo lọ sọ́dọ̀ Baba, mo ní kí ó kọ́ mi níṣẹ́. Títí di òní, kí akọrin kankan tó di makirofóònù mú, èmi ni mo kọ́kọ́ ń fi tésítà kàn án. Ìwọ tí o wà nídìí ẹ̀rọ ní ìjọ tìrẹ, tú púlọ́ọ̀gì rẹ wò kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.