Ta ló ń sọ fún ewédú pé àkókò òdòdó ti tó?

Àbúrò kan tó ń gbé àdúgbò wa ní Tánkè, níbí ní Ìlọrin, mú fóònù wá bá mi. Fídíò igbó tí wọ́n gbìn sínú yàrá ni. Wọ́n ní "autoflower" ni, pé ó ń yọ òdòdó fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè dán an wò nínú yàrá mi? Kò jọ pé ó máa ná mi lówó púpọ̀."

Ká kọ́kọ́ sọ ti òfin: ní Nàìjíríà, gbígbin igbó lòdì sí òfin, ìkòkò kan ṣoṣo náà kà. Tí NDLEA bá gbé e, ìwé tó ń kà ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: báwo ni ewéko ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó yọ òdòdó?

Òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Ní 1920, Garner àti Allard ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí lára tábà kan tó kọ̀, tí kò yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tí ọjọ́ máa ń gùn. Wọ́n ń gbé e sínú ilé òkùnkùn ní ọ̀sán kí ọjọ́ rẹ̀ lè kúrú, ló bá yọ òdòdó. Igbó tí a mọ̀ náà ń dúró de òru gígùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà, ruderalis, tí onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Janischewsky, ṣàpèjúwe ní 1924. Níbi tó ti wá, òtútù tètè ń dé. Tó bá dúró de òru gígùn, yóò kú kó tó so. Ọjọ́ orí ara rẹ̀ ló ń kà. Òun ni wọ́n fi bí autoflower.

Irú ọgbọ́n yìí wà nílé. IITA ní Ìbàdàn ṣe ẹ̀wà tó ń gbó ní nǹkan bí 60 ọjọ́ láìdúró de ọjọ́ kúkúrú, nítorí òjò kì í pẹ́ lókè Ọya.

Ewédú ní tiẹ̀ ń ka òru. Ní Ìlọrin, ọjọ́ tó gùn jù, nínú oṣù Kẹfà, fi bíi wákàtí kan péré ju ti oṣù Kejìlá lọ. Ewédú sì mọ̀ ọ́n! Ìdí nìyẹn tí èyí tí a gbìn nígbà ọyẹ́ fi ń yára yọ òdòdó nígbà tó ṣì kúrú.

Mo ní kí àbúrò mi wá ká jọ dán èyí wò. A wá bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ti ya, a lu ihò sí ìdí wọn. A ri irúgbìn ewédú bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè tètè hù. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé ló ń bọ́ àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń rí gílóòbù LED kékeré láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba chárjì la gbé sí i. Èyí tí kò rí iná ló kọ́kọ́ yọ òdòdó. Ìkejì ṣì ń yọ ewé, a sì ń já a sọ́bẹ̀.

Ẹ rí i, iṣẹ́ méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe: oúnjẹ ni, ìròyìn sì ni. Gílóòbù kékeré lè mú ìròyìn dé, kò lè bọ́ ewéko yó. Ibẹ̀ ni "kò náwó" inú fídíò yẹn ti kùnà: ẹni tó bá gbin ohunkóhun sínú yàrá yóò fi owó iná ra gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn Ìlọrin.